Ẹ̀rọ Lè Kọ Ìwé Ìtọ́nà, Ènìyàn Ni Kí Ó Fọwọ́ Sí I

Ní ayé àwọn baba wa, àrokò ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn bí ọ̀nà bá jìn. Owó ẹyọ mẹ́fà túmọ̀ sí pé ọkàn ẹni tí ó ránṣẹ́ fà sí ẹni tí a rán an sí. Mẹ́jọ túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọra. Ẹni tí kò bá mọ ìtumọ̀ yìí, owó lásán ni yóò rí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí láàárín àwọn ètò kọ̀ǹpútà lónìí. Ọ̀nà tí ètò kan ń gbà béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òmíràn, tí èkejì sì ń gbà dá a lóhùn, ni àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní API. Ìwé tí ó sọ ohun tí a lè béèrè, bí a ó ti béèrè rẹ̀, àti ìtumọ̀ èsì tí yóò wá, ni ìwé ìtọ́nà rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà nìkan ni èyí. Kò jìnnà sí Ṣáṣá wa yìí, ní ọ̀nà Mọ́níyà, ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn IITA wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1967. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ń mú irú ẹ̀gẹ́ tuntun jáde, wọ́n sì ń kó àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn sínú Cassavabase, ilé ìṣúra ìmọ̀ ẹ̀gẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ mìíràn pẹ̀lú ń lò. Láti 2014 ni àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ti ń fi ẹnu kò lórí API kan, BrAPI, kí ètò tiwọn lè yé ara wọn. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni ẹni tí ó dúró sínú oko pẹ̀lú fóònù fi lè fi ohun tí ó rí lára ẹ̀gẹ́ ránṣẹ́, láìtún jókòó fi ọwọ́ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ṣùgbọ́n kíkọ ìwé ìtọ́nà ń súni. Ètò ń yí padà, ìwé rẹ̀ a sì di ògbólógbòó. Láti 2011 ni irinṣẹ́ Swagger, tí ìlànà rẹ̀ di OpenAPI lẹ́yìn náà, ti ń ran àwọn oníṣẹ́ lọ́wọ́ láti to orúkọ àwọn ìbéèrè lẹ́sẹẹsẹ. Láti ìgbà tí ChatGPT sì ti jáde ní oṣù Kọkànlá 2022, gbogbo ayé ti rí i pé ọgbọ́n àtọwọ́dá, tí à ń pè ní AI, lè ka ètò kí ó sì kọ àlàyé àti àpẹẹrẹ sí i láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun rere ni. Kì í rẹ̀ ẹ́, kì í sì í kọ iṣẹ́.

Níbo wá ni ewu wà? Ohun tí a kò bá kọ sínú ètò, ẹ̀rọ náà lè má mọ̀ ọ́n. Ibi tí ètò bá dákẹ́, àbá ni ó ń dá, ohùn tí ó sì fi ń sọ òtítọ́ náà ni ó fi ń sọ àbá. Ẹ jẹ́ kí a wo àrùn mosaic tí ń lọ́ ewé ẹ̀gẹ́. Àwọn onímọ̀ ń fi 1 dé 5 díwọ̀n rẹ̀: 1 ni ewé tí kò ní àmì àrùn rárá, 5 ni èyí tí àrùn bò pátápátá. Bí ètò kò bá sọ èyí, ta ni yóò dí AI lọ́wọ́ láti kọ ọ́ pé 5 ni ó dára jù, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fún ọmọ ilé-ìwé ní máàkì? Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwọ̀n iṣu ẹ̀gẹ́ inú ebè ìdánwò kan, tí a fi kílógíráàmù kà, kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú tọ́ọ̀nù lórí hẹ́kítà. A kò sọ pé ó ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹni tí ó gba ìwé náà gbọ́ lè yan igi aláìsàn fún irúgbìn, àgbẹ̀ Akínyẹlé àti Lágelú ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń fẹ́. Ẹni tí ó mọ oko ni kí ó kọ ìtumọ̀ àti òṣùwọ̀n sínú ètò kí a tó pe ẹ̀rọ. Kí a dán gbogbo àpẹẹrẹ inú ìwé wò bóyá wọ́n ń ṣiṣẹ́. Kí ènìyàn kan tí ó ní orúkọ sì fọwọ́ sí ìwé náà, nítorí ẹ̀rọ kì í rojọ́. Ènìyàn ni à ń bi.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó lè kọ ọ́ sílẹ̀ yékéyéké bí a ti ń ṣe gàrí, tí ẹlòmíràn kà á tí ó sì rí i ṣe, ni yóò lè yẹ iṣẹ́ AI wò lọ́la. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ rántí pé nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kìíní 1955, kì í ṣe ilé nìkan ni wọ́n kọ́; wọ́n kọ́ olùkọ́ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá wá ṣèlérí kọ̀ǹpútà fún ilé-ìwé wa, ẹ bi í léèrè: ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọ ní bí a ti ń mọ ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ṣì wí?