Ìwé Tí Ó Wà Nínú Ara

Ẹ̀yin ará wa ní Ṣómólú àti Bàrígà, gbogbo wa la mọ iṣẹ́ ìwé títẹ̀. Ní Ṣómólú ni wọ́n ti ń tẹ káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ìsìnkú àti pósítà àwọn olóṣèlú. Ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà mọ̀ pé àṣìṣe lẹ́tà kan ṣoṣo lè ba odindi iṣẹ́ jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà náà mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ kọ "ọkọ", tí ẹ ṣèèṣì fi àmì lé e, ó lè di ọkọ́ tí à ń ro oko, tàbí ọkọ̀ tí à ń wọ̀ lọ sí Yábàá. Àmì kékeré ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà nínú ara gbogbo ohun ẹlẹ́mìí: ènìyàn, ewúrẹ́, ẹja inú ọ̀sà, àgbàdo àti ẹ̀wà. Ojú lásán kò lè rí i. Inú rẹ̀ ni a kọ ọ́ sí bí ara yóò ṣe rí àti bí yóò ṣe ṣiṣẹ́. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà ni àwọn onímọ̀ ń pè ní jíìnì. Ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ọmọ ti ń gbà á. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi lè gbé imú bàbá rẹ̀ tàbí ẹ̀rín ìyá rẹ̀ wá sáyé.

Láti ọdún 1973 ni àwọn onímọ̀ ti mọ bí a ti ń mú gbólóhùn kan láti inú ìwé ohun ẹlẹ́mìí kan, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti òmíràn. Iṣẹ́ yìí ni à ń pè ní títún jíìnì ṣe. Kí ni ìwúlò rẹ̀ fún wa?

Oògùn àtọ̀gbẹ

Ọ̀pọ̀ aláìsàn àtọ̀gbẹ ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì. Tẹ́lẹ̀, láti ara ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù ni wọ́n ti ń mú un jáde. Ní ọdún 1978, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀dà gbólóhùn tí ń ṣe ínsúlínì nínú ara ènìyàn, wọ́n fi í sínú àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ín tí ojú kò lè rí. Àwọn kòkòrò náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ínsúlínì ènìyàn. Ní ọdún 1982, ìjọba Amẹ́ríkà gbà pé kí wọ́n máa tà á. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ jù lọ nínú ínsúlínì ayé lónìí.

Ẹ̀wà tí kòkòrò kò lè jẹ

Òkè Ọya ni púpọ̀ nínú ẹ̀wà tí a fi ń ṣe àkàrà àti mọ́ínmọ́ín ti ń wá. Kòkòrò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Maruca. Òdòdó ẹ̀wà àti ọmọ inú èèpo rẹ̀ ni ó máa ń jẹ. Bí àgbẹ̀ kò bá fín oògùn, kòkòrò yìí lè run tó ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ó yẹ kí ó kórè. Nítorí náà, àwọn mìíràn a máa fín oògùn ní ìgbà mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ẹ̀wà tó gbó. Owó ńlá ni, oògùn náà sì léwu fún ẹni tí ń fín in.

Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ará Ọsirélíà, mú gbólóhùn kan láti inú kòkòrò àìfojúrí kan tí ń gbé inú ilẹ̀, wọ́n fi í sínú ẹ̀wà. Bí Maruca bá jẹ ẹ̀wà yìí, yóò kú. Ikùn ènìyàn kò rí bí ti kòkòrò yẹn. A máa dà nínú wa bí oúnjẹ mìíràn. Orúkọ rẹ̀ ni SAMPEA 20-T. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ní oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n sì gbé e jáde fún àwọn àgbẹ̀ ní Kánò. Fífín oògùn nígbà méjì péré lè tó o.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe idán o. Kò dá kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀wà nínú àpò dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹ̀wà, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Àwọn ènìyàn kan sì ń bẹ̀rù irú oúnjẹ báyìí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, àwọn aṣojú-ṣòfin ní Àbújá ní kí wọ́n ṣe ìwádìí lórí rẹ̀. Kò burú. Ohun tí à ń jẹ, ó yẹ kí á béèrè nípa rẹ̀.

Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde

Èyí ni ó kàn wá jù. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ìdílé a máa pe àwọn ọmọ tí àrùn yìí ń ṣe ní àbíkú. Kì í ṣe àbíkú, kì í sì í ṣe àjẹ́. Àṣìṣe lẹ́tà kan ṣoṣo ni, nínú gbólóhùn tí ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Dípò kí hóró ẹ̀jẹ̀ rí roboto, yóò tẹ̀ bíi dòjé. Á wá máa dí ọ̀nà inú iṣan, eegun á máa ro ọmọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì máa gbẹ. Nǹkan bí 150,000 ọmọ ni a ń bí pẹ̀lú àrùn yìí lọ́dọọdún ní Nàìjíríà.

Ẹ gbọ́ bí ó ti ń wá. Ẹnìkọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà méjì gbólóhùn yìí, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. A ni èyí tí ó dára, S ni èyí tí ó ní àṣìṣe. Ẹni tí ó jẹ́ AS kì í ṣàìsàn, ó sì lè máà mọ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó jẹ́ AS. Bí AS bá fẹ́ AS, tí àwọn méjèèjì sì fún ọmọ ní S, ọmọ náà di SS. Ìpín kan nínú mẹ́rin ni ewu yìí jẹ́ nínú oyún kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe rò pé bí ọmọ kan bá ti jẹ́ SS, mẹ́ta tó kù ti bọ́. Gbogbo oyún ni yóò tún ìbò náà dì.

Ǹjẹ́ títún jíìnì ṣe lè wò ó? Ó ti ń ṣe é. Ní ọdún 2019, arábìnrin Victoria Gray ni ẹni àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ọ̀nà tuntun kan tọ́jú fún àrùn yìí. Ọmọ inú oyún ní ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ tí kì í tẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a bá bí i, ara a máa pa ẹ̀jẹ̀ náà tì. Àwọn dókítà gba àwọn hóró tí ń ṣe ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n gé ohun tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú oyún, wọ́n sì dá wọn padà sí i lára. Ẹ̀jẹ̀ tí kì í tẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023 ni Bìrìtìkó fọwọ́ sí ìtọ́jú yìí, Amẹ́ríkà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Ṣùgbọ́n oògùn líle ni aláìsàn yóò kọ́kọ́ gbà, iye tí wọ́n sì dá lé e ní Amẹ́ríkà ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ. Ta ni nínú wa tí ó ní in?

Nítorí náà, ohun tí ó wà níkàáwọ́ wa ni kí á ka ìwé ara wa kí á tó ṣègbéyàwó. Ẹ lọ yẹ jẹ́nótáìpù yín wò ní ilé ìwòsàn. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, ní ibi méjì, torí pé ẹni tí ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò náà lè ṣàṣìṣe. Ẹ ṣe é kí ìfẹ́ tó wọra, kí ẹ tó lọ tẹ káàdì. Àjọ tí ń rí sí àrùn yìí ní ibùdó ní Ìdí-Àràbà, lọ́ọ̀ọ́kán ilé ìwòsàn LUTH. Ẹ lè lọ gba ìmọ̀ràn níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bí ọmọ SS, ẹ má ṣe dá ara yín lẹ́bi. Ẹ máa fún un lómi mu dáadáa, ẹ dáàbò bò ó lọ́wọ́ ibà, ẹ má sì jẹ́ kí ó pa ọjọ́ dókítà jẹ. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti dàgbà, wọ́n sì ti di òbí.

Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí

1. Kí ni à ń pè ní jíìnì?
2. Kòkòrò wo ni SAMPEA 20-T ń pa? Èwo ni kò lè pa?
3. Bí AS bá fẹ́ AS, kí ni ewu tí ó wà nínú oyún kọ̀ọ̀kan?
4. Ǹjẹ́ ẹ mọ jẹ́nótáìpù tiyín? Ti àwọn ọmọ yín ńkọ́?