Ìgbà wo ló yẹ kí oníṣòwò buwọ́ lu ìwé àdéhùn àṣírí?

Ká ní obìnrin kan ń ṣe òrí ní Kalpohin, nílùú Tamale, lórílẹ̀èdè Ghana. Ó ti rí ọgbọ́n kan dá tí òrí rẹ̀ kì í fi í rùn. Oníbàárà láti òkè òkun fẹ́ ra púpọ̀, àmọ́ ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ rí bó ṣe ń ṣe é.

Tó bá fi hàn án, ọgbọ́n náà lè di ti ẹlòmíì. Tó bá kọ̀, ọjà lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Irú ìgbà yìí ni ìwé àdéhùn àṣírí wúlò.

Kí ni òfin sọ?

Ní Ghana, òfin Act 589 tọdún 2000, tó lòdì sí ìdíje àìtọ́, dáàbò bo àṣírí okòwò. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí àwọn oníṣẹ́ náà kò mọ̀, tó níye lórí torí pé ó pamọ́, tí ẹni tó ni ín sì ti sapá láti pa á mọ́. Ìwé àdéhùn jẹ́ ẹ̀rí ìsapá yìí.

Lọ́dún 1968, ní England, Ọ̀gbẹ́ni Coco pe iléeṣẹ́ Clark lẹ́jọ́ pé wọ́n lo ọgbọ́n ẹ́ńjìnnì òun lẹ́yìn tí ìjíròrò wọn forí ṣánpọ́n. Adájọ́ gbà pé irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀ lè di èèyàn lẹ́nu láìsí ìwé kankan. Síbẹ̀, kò dá iléeṣẹ́ náà dúró, torí Coco kò fi hàn kedere pé àṣírí ni ohun tó sọ.

Ìgbà wo ni kò pọn dandan?

Ẹni tó kàn fẹ́ ra òrí lọ́jà Aboabo kò nílò ìwé kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà tí gbogbo obìnrin àdúgbò ń gbà po òrí: kì í ṣe àṣírí.

Kí ló yẹ kó wà nínú rẹ̀?

• Ohun tó jẹ́ àṣírí gan-an
• Àwọn tó lè rí i, àti ohun tí wọ́n lè fi ṣe
• Iye ọdún tí àdéhùn náà máa fi wà
• Bí wọ́n ṣe máa dá àpẹẹrẹ ọjà àti ìwé padà

Àdéhùn kò lè bo ìwà ọ̀daràn mọ́lẹ̀. Òfin Act 720 tọdún 2006 ní Ghana dáàbò bo òṣìṣẹ́ tó bá tú irú rẹ̀ síta.

Ìwé nìkan kò sì tó. Ẹjọ́ ń gba owó àti àkókò, pàápàá tí oníbàárà bá wà lókè òkun. Nítorí náà, ẹ fi àpẹẹrẹ ọjà hàn wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí ọgbọ́n inú rẹ̀ dúró di ìgbà tí wọ́n bá buwọ́ lùwé.