Ẹ̀yin oní-4x4, ẹ yọ H4 kí ẹ tó gun ọ̀dà

Ní àsìkò òjò, àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ 4x4 ní Kétu a máa yangàn pé ẹrẹ̀ ò lè dá àwọn dúró. Òótọ́ ni. Àmọ́ a rí i pé àwọn kan kì í yọ H4 tí wọ́n bá gun ọ̀dà gbígbẹ. Fún àwọn mìíràn, fújà lásán ni.

Nínú Toyota Hilux àtijọ́, H4 a máa so táyà iwájú mọ́ tẹ̀yìn, kí wọ́n lè jọ máa yí lọ́gbọọgba. Bí ọkọ̀ bá sì ń yà, ti iwájú ń rìn jìnnà ju tẹ̀yìn lọ. Nínú ẹrẹ̀, táyà á yọ̀ díẹ̀, ó tán. Lórí ọ̀dà, irin abẹ́ ọkọ̀ ló ń jìyà rẹ̀, àtúnṣe rẹ̀ sì ń jẹ owó.

Bí ọ̀pá H4 bá há, ẹ fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀ lọ́nà tààrà, kí ẹ tún gbìyànjú.