Láti Orí Àkísà Dé Orí Nápíkìn: Bí Ìlédìí Aláṣọ Ṣe Dé Ọwọ́ Wa

Kí nápíkìn tó di ohun tí à ń kà mọ́ ẹrù ìkúnlẹ̀, kí aboyún tó mọ̀ pé òun yóò kó o ní méjìlá-méjìlá lọ sí ilé ìgbẹ̀bí, àwọn ìyá wa ti ń bímọ, ọmọ sì ń là, nítorí pé àkísà ìró ìyá àgbà, èyí tí omi ti fọ̀ tí oòrùn sì ti sá títí tí ó fi rọ̀ bí òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n, kò sí aṣọ tuntun tí ó lè bá a du ìdí ọmọ àṣẹ̀ṣẹ̀bí. Àkísà ti jẹ́ aṣọ rí, ilé tí ó bá sì ní arúgbó kì í wá àkísà tì. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni ọmọ ń bẹ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, tí ọ̀já gbà á pinpin; bí ó bá ti ń yíra lọ́nà kan báyìí, ìyá tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á jókòó, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á gbé ọmọ lé wọn lórí, ọmọ á sì ṣe ohun tí ó fẹ́ ṣe. Bí ìyá bá pẹ́ jù, tí ọmọ tọ̀ sí i lẹ́yìn, ta ni yóò ka ìyẹn sí ọ̀ràn? Bí ọmọ ẹni bá ṣu síni nítan, a kì í gé itan dànù. Ẹni tí yóò fọ àkísà náà kò sì jìnnà: ìyá ọkọ ń bẹ nílé, àbúrò ìyàwó ń bẹ níkàlẹ̀, ilé kún, ọwọ́ sì pọ̀. Bí a bá wò ó dáadáa, láti ìgbà náà títí di òní, ọ̀rọ̀ ìlédìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ. Ọ̀rọ̀ ta ni yóò fọ̀ ọ́ ni.

Nápíkìn funfun onígun mẹ́rin tí ó wá rọ́pò àkísà, yálà èyí tí ó fẹ́lẹ́ tàbí èyí tí ó nírun bíi ti táwẹ̀lì, òun àti pínnì tí ń bo ẹnu ara rẹ̀ ni wọ́n jọ rìn. Walter Hunt, ará New York, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí irú pínnì bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1849. Wọ́n ní gbèsè dọ́là 15 ni ó lé e dé ìdí wáyà tí ó ń lọ́ títí tí ó fi di pínnì, tí ó sì ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní dọ́là 400. Gbèsè burú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ta ọjà yìí lọ́pọ̀ jù! Pínnì mú kí nápíkìn dúró, kò mú kí omi dúró. Láti dá omi dúró, wọ́n fi pátá rọ́bà bò ó. Pátá rọ́bà sì há ooru àti ìtọ̀ mọ́ ọmọ lára, ìdí ọmọ ń pọ́n, ọmọ ń ké, ìyá kò sùn.

Ní ọdún 1946, ní ìlú Westport ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà, ìyá kan tí ń jẹ́ Marion Donovan wo òkìtì aṣọ tí ọmọ rẹ̀ ń tọ̀ sí, ó sì rí i pé kì í ṣe nápíkìn nìkan ni òun ń fọ̀: aṣọ ìtẹ́bùsùn ń bẹ níbẹ̀, aṣọ ìbora ń bẹ níbẹ̀, aṣọ tí ọmọ wọ̀ sùn ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ ẹlẹ́rọ ni obìnrin yìí. Ilé iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ àti arákùnrin bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Indiana ni ó ti ń ṣeré ní kékeré, ọmọ tí a sì tọ́ sí ìdí ẹ̀rọ kì í fi ojú lásán wo ohun tí kò ṣiṣẹ́. Ó já aṣọ ìkélé ilé ìwẹ̀ rẹ̀ lulẹ̀, ó gé e, ó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń rán, ó ń tú, títí ó fi rí ìbòdí kan rán tí kò jẹ́ kí omi jò, tí kò sì há ooru mọ́ ọmọ bíi ti rọ́bà. Nígbà tí ó yá, ó kúrò lórí aṣọ ìkélé, ó bọ́ sórí ọ̀rá irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe agbòòrùn àwọn tí ń fò láti inú ọkọ̀ òfuurufú. Ó yọ pínnì kúrò, ó fi bọ́tìnnì tí à ń tẹ̀ pa rọ́pò rẹ̀, kí abẹ́rẹ́ má baà gún ọmọ mọ́. Ó pè é ní Boater, nítorí pé ó jọ ọkọ̀ ojú omi.

Àwọn oníléeṣẹ́ tí ó gbé e lọ bá dá a lóhùn pé obìnrin kankan kò béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn. Ẹ ò rí nǹkan! Àwọn tí kò fọ nápíkìn rí ni wọ́n jókòó ṣe ìdájọ́. Obìnrin náà kò bá wọn jà. Ilé ìtajà Saks Fifth Avenue ni ó gbé e lọ ní 1949, ọjà sì yá. Ní 1951 ó gba ìwé àṣẹ, ó sì ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Lẹ́yìn èyí ó gbé ọ̀rọ̀ ìlédìí oníbébà wá, èyí tí a ó lò tí a ó sọnù. Àwọn oníléeṣẹ́ kò tún gbọ́. Àfi ìgbà tí Victor Mills, ẹlẹ́rọ iléeṣẹ́ Procter & Gamble, ẹni tí nápíkìn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti sú láti fọ̀, kó àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ jọ sí ìdí ọ̀rọ̀ náà, tí Pampers fi jáde sọ́jà ní 1961.

Pámpásì náà dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọbìnrin kò fi mọ bí a ti í ká nápíkìn ní onígun mẹ́ta mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó náírà já wálẹ̀ láti oṣù Kẹfà ọdún 2023, tí Procter & Gamble sì kéde ní oṣù Kejìlá ọdún náà pé àwọn kò ní ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, àfi kí wọ́n máa kó o wọlé, ọ̀wọ́n gógó gbá pámpásì mú, ìlédìí aláṣọ sì tún padà di ohun tí à ń béèrè. Ọ̀pọ̀ èyí tí à ń rà báyìí ní àpò nínú tí a ń ki aṣọ afàmu bọ̀, bọ́tìnnì atẹ̀pa sì ń bẹ lára rẹ̀ tí a fi ń sún un bí ọmọ ti ń dàgbà. Àrólé iṣẹ́ Donovan ni.

Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó mọ̀ pé ọmọ àṣẹ̀ṣẹ̀bí a máa lò tó mẹ́wàá sí méjìlá lóòjọ́. Bí a bá ń fọ̀ ní ọjọ́ méjì-méjì, ó tó 24 tí a nílò. Ẹni tí ó bá bí ẹjìrẹ́ ará Ìṣokùn, ẹdúnjobí, kí ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kí ó sì yọ̀. A kì í ti ọjà mú nápíkìn òwú lọ sí ìdí ọmọ: òróró ń bẹ lára òwú tuntun tí kì í jẹ́ kí ó fa omi, nítorí náà kí a fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin kí a tó lò ó. Kí a má fi sítáàṣì sí i, kí a má sì fi omi olóòórùn dídùn tí ń mú aṣọ rọ̀ sí i, nítorí ìyẹn náà kì í jẹ́ kí ó fa omi. Kí a sá a sí gbangba oòrùn, kì í ṣe sórí koríko, kì í ṣe sábẹ́ igi. Ìdí ni pé eṣinṣin kan tí wọ́n ń pè ní tumbu a máa yé ẹyin sára aṣọ tútù. Bí ara ọmọ bá ti kàn án, ìdin rẹ̀ á wọ inú ẹran lọ, a ó rò pé eéwo ni. Iná áyọ́ọ̀nù ni ó ń pa ẹyin náà, nítorí náà ni àwọn ìyá wa fi ń lọ nápíkìn tojú tẹ̀yìn. Ìbòdí tí ó ní ọ̀rá nínú kò ṣeé lọ̀. Nítorí náà, inú ilé tí ó ní nẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé ni kí a sá a sí.

Ọ̀kan kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kánfọ̀, ìyẹn róbótó funfun tí à ń kó sáàárín aṣọ nítorí kòkòrò, kò gbọ́dọ̀ dé ibi tí aṣọ ọmọ wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ní ilẹ̀ wa ni ohun kan tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn; bí irú wọn bá fa òórùn kánfọ̀, ẹ̀jẹ̀ wọn a máa fọ́, ibà pọ́njú á dé, ó sì lè ba ọpọlọ jẹ́.

Ó wá ku ẹni tí yóò fọ̀ ọ́. Ilé kò kún mọ́; tọkọtaya nìkan ni wọ́n wà nínú yàrá ní Èkó, àbúrò ìyàwó ń bẹ ní yunifásítì, mẹ́ruwà sì ń ta omi ní kẹ́ẹ̀gì-kẹ́ẹ̀gì. Omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n ó lówó lórí. Ọṣẹ lówó lórí, iná tí a ó fi lọ aṣọ pẹ̀lú lówó lórí. Nítorí náà n kò bá ẹni tí ó ń lo aṣọ lọ́sàn-án tí ó ń fi pámpásì sùn lóru jà. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ wa ni pé kí wọ́n ra mẹ́fà péré nínú àwọn ìlédìí oníbọ́tìnnì yìí, kí wọ́n lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ìyá àti bàbá ọmọ sì jọ fẹnu kò lórí ọjọ́ tí ọwọ́ bàbá yóò wà nínú korobá, kí wọ́n tó kó owó ìsọmọlórúkọ lé ìyókù.