Nígbà tí Ìwé Ìròyìn bá Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Ẹ̀rọ Ìṣàwárí

Ẹ̀rọ ìṣàwárí bíi Google máa ń rán ètò kọ̀ǹpútà kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì láti ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn kọ, yóò sì to ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sínú atọ́ka, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe sí ẹ̀yìn ìwé. Oníwèé ìròyìn tí kò bá fẹ́ èyí lè lo fáìlì kékeré kan tí à ń pè ní robots.txt, tí ó ti wà láti ọdún 1994. Fáìlì náà ni ó ń sọ ibi tí ètò náà kò gbọdọ̀ wọ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe àgádágodo.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Owó ni wọ́n fi ń rán akọ̀ròyìn lọ síbi ìṣẹ̀lẹ̀; bí òǹkàwé bá sì ti rí kókó ìròyìn lójú ẹ̀rọ ìṣàwárí, ó lè má dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ní ojú méjì. Ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m, ẹgbẹ́ Copiepresse, tí ó ń ṣojú àwọn ìwé ìròyìn èdè Faransé àti ti Jámánì, pe Google lẹ́jọ́ ní 2006 pé ó ń lo iṣẹ́ wọn láìgbàṣẹ. Wọ́n jàre, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 2011. Ní oṣù keje ọdún náà, Google yọ wọ́n kúrò nínú ìṣàwárí gbogbogbòò pàápàá, kì í ṣe nínú abala ìròyìn nìkan. Àwọn tí ó jàre ni ó tún figbe ta. Bí a bá fa gbùùrù, gbùùrù a fa igbó. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni a dá wọn padà. Ní 2012 ni ìjà náà parí. Ní Jámánì, ilé-iṣẹ́ Axel Springer dí Google lọ́wọ́ láti máa fi àyọkà ìròyìn rẹ̀ hàn ní 2014. Òǹkàwé dín kù gidigidi, ó sì yí ìpinnu rẹ̀ padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún olùkọ́ èdè abínibí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá àyọkà ní èdè Tiv, Kanuri tàbí Yorùbá tí kò rí i, kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́. Ó lè jẹ́ pé kò sí nínú atọ́ka ni. Ó yẹ kí olùkọ́ kọ́ ọ láti lọ tààrà sọ́dọ̀ ìwé ìròyìn náà, tàbí sí ilé ìkàwé. Ẹni tí ó sì ń tẹ ìròyìn ní èdè tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀ gbọ́dọ̀ ronú jinlẹ̀ kí ó tó ti ilẹ̀kùn: ibẹ̀ lè jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọmọ ilé-ìwé ì bá gbà wọlé.