Bí A Ti Rin Ìlú Lọ́ńdọ̀nù Ká

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ń bi wá léèrè bí a ti wọkọ̀ káàkiri nígbà tí a lọ kí àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù. Owó àjẹṣẹ́kù ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, nítorí náà kọ́bọ̀ kan kò gbọdọ̀ ṣòfò lọ́wọ́ wa. Ó sì ṣòfò! Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Láti ọdún 2014 ni bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò ti gba owó lọ́wọ́ èrò mọ́. Ẹ na owó bébà sí dírẹ́bà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní gbà á. Káàdì báǹkì tàbí káàdì Oyster ni ẹ ó fi kan ẹ̀rọ aláwọ̀ ìyeyè tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó parí. Ẹnìkan, káàdì kan ni o. Tọkọtaya kò lè pín ọ̀kan lò. Bí ẹ bá ti sanwó bọ́ọ̀sì kan, ẹ lè wọ òmíràn láàárín wákàtí kan láìsan nǹkan kan mọ́. Èyí wù wá púpọ̀. Ta ni yóò sọ̀ ní Ojúẹlẹ́gbà tí kò ní san owó mìíràn?

Ti ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ yàtọ̀. Ọdún 1863 ló ti bẹ̀rẹ̀, kò sí irú rẹ̀ láyé tó ṣáájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ wa ti yọ̀. A fi káàdì kan ẹ̀rọ nígbà tí a ń wọlé, ṣùgbọ́n níbi tí a sọ̀ sí, ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu, a sì gba ibẹ̀ jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ẹni tí kò bá fi káàdì kàn án nígbà tó ń jáde, ẹ̀rọ kò mọ ibi tó sọ̀ sí, owó tó pọ̀ jù lọ ni yóò gé. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tó wà nínú wa ṣírò rẹ̀ sí náírà, oúnjẹ alẹ́ kò wọ̀ ọ́ lọ́fun. Lọ́jọ́ kejì, ẹnìkan wa lo káàdì láàárọ̀, ó lo fóònù lọ́sàn-án. Iye kan wà tí owó ọkọ̀ ọjọ́ kan kì í kọjá, bó ti wù kí ènìyàn rìn tó. Àmọ́ èrò méjì ni ẹ̀rọ ka káàdì àti fóònù sí.

Ìríran kò wọ́n níbẹ̀. Ẹ jókòó síwájú lókè bọ́ọ̀sì pupa alájà méjì, ẹ ó rí ìlú. Afárá Tower Bridge, tí wọ́n ṣí ní 1894, ọ̀fẹ́ ni fún ẹlẹ́sẹ̀. Ọ̀fẹ́ náà ni ìwọlé sí British Museum. Níbẹ̀ ni a ti rí orí idẹ kan láti Ifẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmoníjẹ̀ ní 1938. Àwa méjì ń ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àfi bí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ṣe kúnlẹ̀ níwájú gíláàsì, tó ní, “Ẹ kú àjò o. Ẹ kú àárò ilé.” Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú wa.

A wọ bọ́ọ̀sì 38 lọ sí Dalston, sí ọjà Ridley Road, níbi tí wọ́n ti ń ta iṣu, ata àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìyá bá oníṣu kan ná ọjà, wọ́n yọ ọ́, wọ́n tún ún yọ, bí ẹni pé Bódìjà ni wọ́n wà. Ó rí ẹ̀dínwó gbà lóòótọ́. Nígbà tí a fi máa padà dé ibùdókọ̀, wákàtí kan wa ti kọjá, a sì san owó bọ́ọ̀sì mìíràn.