Àwọ̀ olówó pọ́ọ́kú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọjà kápẹ́ẹ̀tì Pásíà jẹ́

Lóṣù kẹfà ọdún 2013, wọ́n lu kápẹ́ẹ̀tì kan ní gbàǹjo nílùú New York, iye tí wọ́n sì rà á lé ní mílíọ̀nù 33 dọ́là. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló hun ún. Ọwọ́ ni wọ́n fi hun ún ní ilẹ̀ Pásíà, tí wọ́n ń pè ní Ìránì báyìí, ní nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn.

Iṣẹ́ náà kò yá rárá. Wọ́n á kọ́kọ́ na òwú gbọọrọ sórí òfì. Ẹni tó ń hun ún, tó sábà máa ń jẹ́ obìnrin, á wá máa fi irun àgùntàn tàbí sílíkì ta kókó mọ́ òwú náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìlà kan bá parí, á fi òwú mìíràn gba ìbú rẹ̀ kọjá, á sì fi nǹkan tó dà bí ooyà gbá a mọ́lẹ̀ kó lè ki. Kápẹ́ẹ̀tì Ardabil, tí wọ́n hun parí ní 1539 sí 1540, gùn ju mítà 10 lọ, kókó bíi 340 ló sì wà nínú íǹṣì kan níbùú lóròó. Mùsíọ́ọ̀mù kan ní Lọ́ńdọ̀nù rà á ní £2,000 lọ́dún 1893.

Ṣùgbọ́n àwọ̀ gan-an ló ń tà á. Gbòǹgbò ewéko kan ni wọ́n fi ń ṣe pupa, èèpo èso pómégíránétì ni wọ́n fi ń ṣe àwọ̀ ìyeyè. Ní ti búlúù, irú aró tí àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Òṣogbo ń rí nínú ẹ̀lú náà ni.

Nígbà tí àwọn òyìnbó wá ń wá kápẹ́ẹ̀tì yìí lójú méjèèjì lẹ́yìn ọdún 1870, àwọ̀ oníkẹ́míkà láti Yúróòpù wọlé. Kò wọ́n, kò sì gba àkókò. Àmọ́ oòrùn ń mú un ṣá, bí omi bá sì kàn án, ó ń ṣí. Ta ni yóò padà wá sọ́dọ̀ oníṣòwò tó ta irú ìyẹn fún un? Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Naser al-Din Shah, ọba ìgbà náà, fòfin de kíkó àwọ̀ yìí wọlé láàárín ọdún 1880 sí 1889, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń yọ́ ọ kó wọlé.

Ìṣòro òde òní kì í ṣe ẹ̀bi àwọn tó ń hun ún. Lọ́dún 1994, kápẹ́ẹ̀tì tí Ìránì tà sókè òkun lé ní bílíọ̀nù 2 dọ́là. Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ní 2010, wọ́n ṣí i ní 2016, wọ́n tún tì í ní 2018. Nígbà tó fi máa di 2019, owó náà kò tó mílíọ̀nù 100 dọ́là mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ rà tàbí tà á, kó kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Bí ọwọ́ ló hun ún, iṣẹ́ ara rẹ̀ á hàn kedere lẹ́yìn, kókó rẹ̀ kò sì ní dọ́gba délẹ̀. Òwú tó ń já wálẹ̀ létí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti inú kápẹ́ẹ̀tì náà jáde, kì í ṣe pé wọ́n rán an mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn, kó fi áńkáṣíìfù funfun tó tutù nu ojú rẹ̀. Bí àwọ̀ bá yọ sára áńkáṣíìfù náà, kó dá a padà fún ẹni tó ń tà á.